Orí Kẹfà: Ẹ̀ka Sáíkọ́lọ́jì ní Yunifásítì Howard

Ní orí tó ṣáájú, a rí bí sáíkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ìrònú, ìmọ̀lára àti ìṣesí ọmọ ènìyàn, ṣe kúrò lábẹ́ fìlọ́sọ́fì tó sì di ẹ̀kọ́ tó dá dúró. Wilhelm Wundt ṣí yàrá ìwádìí rẹ̀ sí Leipzig, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1879. G. Stanley Hall, ọmọ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó lọ kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó padà délé, ó dá yàrá ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní 1883, òun náà ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáíkọ́lọ́jì Amẹ́ríkà ní 1892. Ọwọ́ Hall ni ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ti gba ẹ̀kọ́ náà, òun ló sì sọ ọ́ di ẹ̀ka tó dá dúró ní Howard, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Washington ní 1867, nígbà tí kò tíì ju ọdún méjì lọ tí Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà parí.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè bèèrè ìdí tí a fi ya odindi orí kan sọ́tọ̀ fún Howard, nígbà tí Harvard àti Columbia lówó jù ú lọ, tí wọ́n sì ní irinṣẹ́ àti òkìkí jù ú lọ dáadáa. Ìdí rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ẹ̀ka yunifásítì ju kíkọ́ni àti fífúnni níwèé ẹ̀rí lọ. Inú ẹ̀ka ni wọ́n ti ń pinnu ìbéèrè tó yẹ fún ìwádìí àti èyí tí kò yẹ, ẹni tí wọ́n máa kọ́ láti bèèrè rẹ̀, àti ohun tí wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n. Bí gbogbo àwọn tó ń pinnu bá ti inú ẹ̀yà kan ṣoṣo wá, àwọn ìbéèrè kan wà tí kò ní wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wọn láé. Howard jẹ́ ká rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn tí wọ́n ti ń wọ̀n láti òde dìde láti di olùwọ̀n.

Ìdánwò làákàyè àti àwọn tó fara gbá a

Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917, Robert Yerkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba iṣẹ́ láti fi ìdánwò wọn làákàyè àwọn tí ìjọba ń kó wọṣẹ́ ológun. Oríṣi méjì ni wọ́n ṣe: Alpha fún àwọn tó mọ̀wé kà, Beta fún àwọn tí kò mọ̀wé kà tàbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí 1,700,000 ọkùnrin ló jókòó ṣe é. Kò tíì sí ìdánwò irú rẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé rí, ìdí nìyẹn tí ohun tí wọ́n fà yọ nínú rẹ̀ fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ lórí ìlú.

Ní 1923, Carl Brigham ti Yunifásítì Princeton gbé èsì àwọn ìdánwò náà jáde nínú ìwé kan, ó sì fi kọ́ aráyé pé inú ẹ̀jẹ̀ ni làákàyè wà, pé àwọn ẹ̀yà kan ti bá a wáyé ju àwọn mìíràn lọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló fi sí ìsàlẹ̀. Kò sọ pé Alpha ń béèrè nípa ọjà tí wọ́n ń polówó nínú ìwé ìròyìn àti nípa eré ìdárayá àwọn ará ìlú ńlá. Kò sì ka ọ̀rọ̀ ilé ìwé sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé ló mọ̀ pé ní ìpínlẹ̀ Gúúsù, àkókò tí wọ́n ń yàn fún ẹ̀kọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú lọ́dún kúrú, owó tí wọ́n sì ń ná lé e lórí kò tó nǹkan. Horace Mann Bond, olùkọ́ aláwọ̀ dúdú kan, fọwọ́ kan èyí ní 1924. Ó mú èsì ìdánwò kan náà, ó sì fi hàn pé àwọn aláwọ̀ dúdú láti àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá kan gba máàkì ju àwọn aláwọ̀ funfun láti àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù kan lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, báwo ni ìyẹn ṣe máa ṣeé ṣe?

Brigham fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1930 pé ìpìlẹ̀ ìwádìí òun kò dúró. A gbọ́dọ̀ yìn ín fún ìyẹn, nítorí kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ọdún méje ti kọjá, ọ̀rọ̀ náà sì ti tàn kálẹ̀ dé ilé aṣòfin, ilé ìwé àti ilé ìròyìn. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń jiyàn lórí làákàyè àwọn aláwọ̀ dúdú yìí, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáíkọ́lọ́jì ní gbogbo Amẹ́ríkà kò tó nǹkan. Ọ̀kan nínú wọn ni Francis Cecil Sumner.

Francis Cecil Sumner

Pine Bluff, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ni wọ́n ti bí Sumner ní ọdún 1895. Kò lọ sí ilé ìwé girama tó lè fún un níwèé ẹ̀rí. Bàbá rẹ̀ ló ń yan ìwé fún un láti kà nílé, tó sì ń fi iṣẹ́ kíkọ dán an wò. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó ṣe ìdánwò àbáwọlé sí Yunifásítì Lincoln ní Pennsylvania, ó yege, ó sì gboyè pẹ̀lú ìyìn ní 1915. Láti ibẹ̀ ló lọ sí Yunifásítì Clark ní Massachusetts, níbi tí Stanley Hall ti jẹ́ ààrẹ. Clark yìí náà ni Freud wá sọ àsọyé sí ní 1909, nígbà kan ṣoṣo tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ọ̀nà rẹ̀ kò tẹ́jú rárá. Ní 1918, Sumner kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ìlú Worcester. Ó ní orílẹ̀-èdè tó ń bú Jámánì nítorí ìwà ìkà náà ló ń fi ojú àwọn aláwọ̀ dúdú tirẹ̀ gbolẹ̀. Ogun ń lọ lọ́wọ́; ariwo ta, wọ́n pè é ní ọ̀dàlẹ̀, ó kù díẹ̀ kí owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní láti tọrọ àforíjì ní gbangba. Hall kò jẹ́ kí wọ́n lé e. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba mú un wọṣẹ́ ológun, wọ́n sì gbé e lọ sí ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó padà dé, ó jókòó ti ìwé rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1920, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí ẹ̀kọ́ Freud àti Adler, ìwé tí kò lè kọ bí kò bá gbọ́ èdè Jámánì dáadáa.

Ó kọ́ni ní Wilberforce ní Ohio fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó lo ọdún méje ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn aláwọ̀ dúdú ní West Virginia. Ibẹ̀ ló ti kọ ohun kan tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Nínú àwọn àpilẹ̀kọ tó gbé jáde ní 1926 àti 1927 lórí ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ó fara mọ́ ọ̀nà Booker T. Washington, aṣáájú aláwọ̀ dúdú tó ń ṣagbátẹrù ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó sì fọwọ́ sí i pé kí ilé ìwé wọn dá wà. Àwọn kan nínú ìran tó tẹ̀ lé e sọ pé ó fẹ́ tẹ́ àwọn olówó aláwọ̀ funfun lọ́rùn. Àwọn mìíràn gbà pé ohun tó rò lọ́kàn ló kọ. Èyí tó wù kó jẹ́, òun náà ni olùkọ́ àwọn tó wó òfin ìyàsọ́tọ̀ ilé ìwé lulẹ̀. Ìtàn ẹ̀ka kan kì í tọ́ tààrà láti orí olùdásílẹ̀ dé orí èso rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ yóò ṣi Howard mọ̀.

Bí ẹ̀ka náà ṣe dá dúró

Ní 1926, Mordecai Johnson di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ Howard. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ni pé ó kó àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ tí yunifásítì aláwọ̀ funfun kì í gbà síṣẹ́ jọ sí ibì kan. Àwọn bí i Ralph Bunche nínú ẹ̀kọ́ ìṣèlú, Alain Locke nínú fìlọ́sọ́fì, Charles Hamilton Houston nínú òfin àti E. Franklin Frazier nínú ìmọ̀ àwùjọ ló wà níbẹ̀ ní sáà rẹ̀. Sumner dé ní 1928.

Kó tó dé, wọ́n ti ń kọ́ sáíkọ́lọ́jì ní Howard, Albert Sidney Beckham sì ti dá yàrá ìwádìí sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ fìlọ́sọ́fì àti ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni ẹ̀kọ́ náà wà. Sumner sọ pé bí a bá fẹ́ kí ọmọ aláwọ̀ dúdú di onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ní tòótọ́, ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ ní olórí tirẹ̀, owó tirẹ̀ àti oyè tirẹ̀. Ààrẹ gbà fún un. Ní 1930, ẹ̀ka náà dá dúró, wọ́n sì fi Sumner ṣe olórí rẹ̀, ipò tó wà títí tó fi kú.

Àwọn méjì tó bá a fi ọwọ́ gbé e dìde ni Frederick Watts, tí òun náà jẹ́ ọmọ Howard, àti Max Meenes, Júù kan. Ìwádìí wọn kò dá lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà nìkan, ó sì dára kí a tẹnu mọ́ èyí, nítorí àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìkan ló yẹ kí aláwọ̀ dúdú máa ṣèwádìí lé lórí. Ní 1936, Sumner àti Watts tẹ ìwádìí jáde lórí bí àwòrán tó ṣẹ́ kù sínú ojú kan ṣe ń bá ohun tí ojú kejì ń rí figagbága, ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé nípa bí ojú àti ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà lọ́kàn Sumner jinlẹ̀. Ó lọ sí ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ lórí sáíkọ́lọ́jì ẹ̀sìn ní Vienna ní 1931.

Àwọn àjọ tó ń náwó sí ìwádìí kì í dá a lóhùn nítorí àwọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ mìíràn ló fi sin ìmọ̀. Ó ń ka àpilẹ̀kọ tí wọ́n kọ ní èdè Jámánì, Faransé àti Sípéènì, ó sì ń kọ àkékúrú wọn ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ìwé ìròyìn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì. Ó lé ní 3,000 tó ṣe báyìí. Ẹ rò ó wò: ẹni tí wọn kò fún ní owó ìwádìí ló ń jẹ́ kí àwọn tí wọ́n fún lówó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, ẹ̀ka náà bèèrè ohun tí àwọn mìíràn kò bèèrè. Ní 1933, Katz àti Braly ní Princeton tẹ ìwádìí kan jáde tó di gbajúmọ̀: wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, aláwọ̀ funfun, yan ọ̀rọ̀ tó bá ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan mu. Meenes gbé ìbéèrè náà wá síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Howard ní 1935, ó sì tún bèèrè ní 1942 nígbà tí ogun ti dé, kó lè fi èsì méjèèjì wéra. James Bayton, akẹ́kọ̀ọ́ Howard tó padà wá di olùkọ́ níbẹ̀, gbé irú iṣẹ́ yìí síwájú ní 1941, ó wo èrò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní nípa àwọn ẹ̀yà. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ní Princeton, aláwọ̀ dúdú jẹ́ orúkọ kan nínú àkójọ orúkọ ẹ̀yà. Ní Howard, òun ni wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀.

Kenneth àti Mamie Clark

Kenneth Clark fẹ́ di dókítà nígbà tó wọ Howard. Kíláàsì Sumner ló yí i lọ́kàn padà. Ó rí i níbẹ̀ pé a lè fi ìwádìí gidi, kì í ṣe ìbínú nìkan, wá ìdí tí ènìyàn fi ń kórìíra ẹ̀yà mìíràn. Síbẹ̀ ìbínú kò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó ku díẹ̀ kó jáde, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fẹ̀hónú hàn ní ilé oúnjẹ Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà tí kì í gba aláwọ̀ dúdú láàyè. Ọlọ́pàá kó wọn. Àwọn kan nínú àwọn aláṣẹ yunifásítì fẹ́ fìyà jẹ wọ́n, nítorí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni owó Howard ti ń wá. Ralph Bunche ló dìde gbèjà wọn. Clark gba oyè àkọ́kọ́ ní 1935 àti oyè kejì ní 1936, Sumner sì ní kó máa lọ sí Columbia fún oyè ọ̀mọ̀wé, torí Howard kò tíì ń fúnni ní irú oyè bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ní 1940, ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ọ̀mọ̀wé sáíkọ́lọ́jì ní Columbia.

Mamie Phipps, ọmọ dókítà kan ní Hot Springs, Arkansas, dé Howard ní 1934 láti kọ́ ìṣirò àti físíìsì. Àwọn olùkọ́ ìṣirò kò fi bẹ́ẹ̀ ka obìnrin sí. Kenneth, tó ń fẹ́ ẹ, rọ̀ ọ́ pé kó wá sí sáíkọ́lọ́jì; ó wá, wọ́n sì fẹ́ra wọn ní 1937. Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1938, ó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Charles Hamilton Houston, níbi tí àwọn agbẹjọ́rò ti ń péjọ láti wéwèé àwọn ẹjọ́ tí wọ́n máa fi kojú òfin ìyàsọ́tọ̀. Ohun tó gbọ́ níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ìwé oyè kejì rẹ̀ ní Howard, ní 1939, dá lórí ìgbà tí ọmọ aláwọ̀ dúdú tí kò tíì wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń mọ ara rẹ̀ ní aláwọ̀ dúdú. Ó fi àwòrán ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ti aláwọ̀ funfun han àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ní Washington, ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan èyí tó jẹ́ tiwọn.

A máa ń gbọ́ orúkọ Kenneth nínú ọ̀rọ̀ ìwádìí tí àwọn méjèèjì padà fi ọmọláńgidi ṣe, orúkọ ìyàwó rẹ̀ a sì máa tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́. Kò tọ̀nà. Iṣẹ́ tí Mamie ṣe ní Howard ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, Kenneth náà sì sọ bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀.

Pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ àjọ Julius Rosenwald, àwọn méjèèjì gbé ìwádìí náà fẹ̀. Wọ́n ra ọmọláńgidi mẹ́rin tó jọra ní gbogbo ọ̀nà. Méjì jẹ́ aláwọ̀ búráùn pẹ̀lú irun dúdú, méjì jẹ́ aláwọ̀ funfun pẹ̀lú irun yẹ́lò. Àwọn ọmọ 253, gbogbo wọn aláwọ̀ dúdú, láti ọdún 3 sí 7, ni wọ́n pè jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìnléláàádóje nínú wọn (134) ń lọ sí ilé ìwé ìyàsọ́tọ̀ ní Arkansas, 119 ń lọ sí ilé ìwé àdàlù ní Massachusetts. Ìbéèrè mẹ́jọ ni. Wọ́n kọ́kọ́ bèèrè nípa ohun tó wu ọmọ: fún mi ní èyí tó o fẹ́ fi ṣeré, fún mi ní èyí tó dára, fún mi ní èyí tí kò dára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè èyí tó jọ ọmọ aláwọ̀ funfun àti èyí tó jọ ọmọ aláwọ̀ dúdú. Èyí tó gbẹ̀yìn ni pé: fún mi ní èyí tó jọ ọ́.

Ẹ kíyè sí ètò náà. Kí ọmọ tó dé orí ìbéèrè tó kẹ́yìn, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ìdá 94 nínú 100 mọ ọmọláńgidi aláwọ̀ funfun yàtọ̀. Ìdá 67 fẹ́ fi èyí tó funfun ṣeré, ìdá 59 sì ní aláwọ̀ búráùn ni kò dára. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n mú èyí tó jọ àwọn fúnra wọn, ìdá 33 mú funfun. Àwọn ọmọ kan ní Massachusetts bú sẹ́kún lórí ìbéèrè yìí, àwọn kan sì sá jáde kúrò nínú yàrá. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ èsì náà jáde.

Láti yàrá ìwádìí sí ilé ẹjọ́

Ní 1951, àwọn agbẹjọ́rò NAACP, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, tí Thurgood Marshall, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ òfin Howard, jẹ́ olórí wọn, mú Kenneth Clark lọ sí agbègbè Clarendon ní South Carolina. Ó fi ọmọláńgidi dán àwọn ọmọ 16 wò níbẹ̀. Mẹ́wàá nínú wọn ní funfun ló wù wọ́n, mọ́kànlá ní aláwọ̀ búráùn ni kò dára. Clark gbé èsì náà wá sílé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Ní Virginia, ní 1952, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ sí i. Henry Garrett, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Columbia tó bójú tó ìwé oyè ọ̀mọ̀wé Mamie (ó gbà á ní 1943), jẹ́rìí pé kò sí aburú nínú ìyàsọ́tọ̀. Àwọn agbẹjọ́rò ní kí Mamie wá fèsì, ó sì jáde wá láti tako olùkọ́ ara rẹ̀ níwájú adájọ́. Lójú tèmi, kò sí ibì kan nínú ìtàn yìí tó ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀ka Howard ju ibí lọ: obìnrin tó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wádìí ọkàn ọmọdé ní ẹ̀ka Sumner ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Garrett ti ṣófo.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1954, gbogbo àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án ní Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fẹnu kò nínú ẹjọ́ Brown, tó kó ẹjọ́ South Carolina àti ti Virginia pọ̀, pé ìyàsọ́tọ̀ ní ilé ìwé ìjọba lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè. Nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé 11 ìdájọ́ náà, iṣẹ́ Clark tó gbé síwájú ìpàdé Ilé Ààrẹ lórí ọmọdé ní 1950 ló ṣíwájú. Sumner kò rí i. Àyà ló mú un ní oṣù Kìíní ọdún náà nígbà tó ń kó yìnyín kúrò nílé rẹ̀ ní Washington, ó sì kú.

Ohun tí ọmọláńgidi kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ sáíkọ́lọ́jì kò gbọdọ̀ dúró sórí ayọ̀ ìdájọ́ náà. Ẹ padà sí èsì 1947 kí ẹ wo ibi tí Àríwá àti Gúúsù ti yàtọ̀. Ní Arkansas, níbi tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ti le jù, ìdá 49 nínú 100 ló ní aláwọ̀ búráùn kò dára. Ní Massachusetts, níbi tí àwọn ọmọ jọ ń lọ sílé ìwé kan náà, ó jẹ́ ìdá 71. Bó bá jẹ́ pé ilé ìwé ìyàsọ́tọ̀ nìkan ló ń dá ọgbẹ́ yìí sọ́kàn ọmọ, Arkansas ló yẹ kó burú jù.

Àwọn alátakò rí èyí, wọ́n sì fi gún Clark lójú. Èsì tó fọ̀ ni pé ọmọ Gúúsù ti gba ìyà náà gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ̀dá, ọmọ Àríwá sì ń bá a jà nínú ara rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ìdánwò náà wọ̀n. Ohun tí ìdánwò náà fi hàn kedere ni pé ọmọ ọdún mẹ́ta sí méje ti mọ ojú tí ìlú fi ń wo àwọ̀ rẹ̀, àti pé ojú yẹn dùn ún. Ó ju ilé ìwé lọ. Ó wà nínú ìwé àwòrán, nínú fíìmù, lójú pópó. Àwọn tó ní kí a da iṣẹ́ Clark nù nítorí èyí ṣàṣejù. Àwọn tó ń kọ́ ọ lónìí láìmẹ́nu kan Massachusetts rárá ṣàṣìṣe tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ka náà

Howard kò dá lórí tọkọtaya Clark nìkan. Watts dá iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn fún akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ nínú yunifásítì ní 1948, ní àkókò tí àwọn ológun tó ti ojú ogun bọ̀ kún inú kíláàsì. Bayton lo ìmọ̀ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àti lórí ìwà àwọn oníbàárà. Ní Harlem, Mamie àti Kenneth fi 946 dọ́là tí wọ́n yá lọ́wọ́ bàbá Mamie ṣí Northside ní 1946, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n tún ìdánwò ṣe fún àwọn ọmọ tí ilé ìwé ti kó sí kíláàsì àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé, wọ́n sì rí i pé èyí tó pọ̀ nínú wọn kò yẹ fún ibẹ̀ rárá. Ìdánwò làákàyè tí Brigham fi dá ẹ̀yà lẹ́jọ́ ni wọ́n gbà padà láti fi dá ọmọ sílẹ̀.

Ẹ wo ìwọ̀n iṣẹ́ náà. Láàárín 1920 àti 1966, àwọn ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì mẹ́wàá tí wọ́n kà sí àgbà jù ní Amẹ́ríkà fún 3,767 ènìyàn ní oyè ọ̀mọ̀wé; mẹ́jọ péré nínú wọn ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tó fi di 1972, nǹkan bí 300 aláwọ̀ dúdú ló ti gba oyè náà káàkiri orílẹ̀-èdè náà, 60 nínú wọn ló sì ti gba oyè àkọ́kọ́ tàbí oyè kejì ní Howard. Ẹ̀ka tí kò ní ẹ̀tọ́ láti fúnni ní oyè ọ̀mọ̀wé nígbà ayé olùdásílẹ̀ rẹ̀ ló tọ́ ẹnì kan nínú márùn-ún dàgbà. Ní 1971, Kenneth Clark jókòó lórí àga tí Stanley Hall ti kọ́kọ́ jókòó lé, ó jẹ́ ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáíkọ́lọ́jì Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀.

Fún àwa tí a ń kà á ní Nàìjíríà, Howard kì í ṣe àjèjì. Nnamdi Azikiwe kàwé níbẹ̀, ó sì kọjá sí Lincoln, ilé ìwé tí Sumner ti kọ́kọ́ gboyè, kó tó padà sílé.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí Sumner fi gbà pé sáíkọ́lọ́jì gbọ́dọ̀ kúrò lábẹ́ fìlọ́sọ́fì kó tó lè gbèrú ní Howard? Ṣé ìdí yẹn ṣì wà fún ẹ̀ka tuntun lónìí?

2. Tún ètò ìbéèrè mẹ́jọ tí tọkọtaya Clark lò wò. Bó bá jẹ́ pé "fún mi ní èyí tó jọ ọ́" ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè, kí lo rò pé ó máa yí padà nínú èsì náà, báwo lo sì ṣe máa dán èrò rẹ wò?

3. Ní 1961, Thomas Adeoye Lambo àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ṣèwádìí àìsàn ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá ní agbègbè Abẹ́òkúta. Ìwé ìwádìí náà jáde ní 1963. Wá ìwé náà ní ilé ìkàwé. Wo ẹni tó ṣètò àwọn ìbéèrè, èdè tí wọ́n fi bèèrè wọn, àti àwọn tí wọ́n bi, kí o sì fi wé bí wọ́n ṣe wọn làákàyè àwọn ológun Amẹ́ríkà ní 1917.